Ọ́tókíléèfù orí gáàsì tí a ń lò ní Kàbà

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí ní Kàbà, ní ilé ìwòsàn kékeré tí iná mànàmáná kì í dúró. Oṣù mẹ́jọ rèé tí a ra ọ́tókíléèfù, ìyẹn ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò ara irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ, tí a ń gbé ka iná gáàsì. Ó jọ pírẹ́ṣà pọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀, tí iná bá lọ, omi híhó la fi ń se àlùmọ́gàjí, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀, torí kòkòrò tó ń fa àrùn ipá (tetanus) lè la omi híhó kọjá láàyè. Nínú èyí, ooru ń dé 121 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú (30) ni mo ń fún irinṣẹ́ tí a fi aṣọ dì, n kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà á àfi tí ooru bá dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹnu àlùmọ́gàjí gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, kí wọ́n sì ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Rọ́bà ìdérí ya lóṣù kẹrin, ẹni tó tà á kò ní òmíràn. Lọ́kọ́jà ni mo ti rí i rà. Ó dùn mí, torí a sún iṣẹ́ abẹ ìpákè méjì síwájú. Kì í gbẹ aṣọ dáadáa náà, a sì gbọ́dọ̀ dúró kó gbẹ, torí aṣọ tútù ń fa kòkòrò wọlé.

Téépù tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdì irinṣẹ́, tó máa ń di dúdú, kò tó ẹ̀rí pé kòkòrò ti kú o: ooru kàn án nìkan ló ń sọ. Ẹ ra rọ́bà méjì mọ́ ọn.