Ọjọ́ Tí Òjò Gbà: Àyẹ̀wò Ètò Ọjọ́ Ìpamọ́ ní Ilé-Ìwé Ọmọ Mi ní Abẹ́òkúta

Nígbà tí mo lọ san owó ilé-ìwé ọmọ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní, akọ̀wé wọn fún mi ní kàlẹ́ńdà sáà náà, ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ̀ ní ojú méjèèjì. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, n kì í sì í wò ju ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ ìsinmi lọ. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀, nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta wà lórí rẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù kùn, tí wọ́n sì kọ "ọjọ́ ìpamọ́" sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà ni pé bí òjò tàbí ohun mìíràn kò bá ti ilé-ìwé pa láàárín sáà, àwọn ọmọ yóò fi ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sinmi nílé. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ẹ̀kọ́ kan bá sọnù, ọ̀kan nínú wọn ni wọn yóò fi dí i. Ilé-ìwé aládàáni ni, ní agbègbè Àsẹ̀rò. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ètò yìí nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé náà. A ti lò ó fún odindi sáà kan, mo sì rí i pé ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe rí fún òbí tí ilé-ìwé ọmọ tirẹ̀ bá ń gbèrò irú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí ètò náà fi wúlò. Ìlú olókè àti olókùúta ni ìlú wa; bí òjò ńlá bá rọ̀ fún wákàtí méjì, àgbàrá a ya láti orí àpáta wá sí ìsàlẹ̀, odò Sókòrí a kún dé bèbè, ọ̀nà Ìjẹun-Titun àti Àmọ̀láṣò a sì di ohun tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kò lè gbà. Omíyalé ọdún 2007 àti ti ọdún 2018, tó pa ènìyàn, kò tíì kúrò lọ́kàn wa, nítorí náà kò sí òbí tó ní làákàyè tí yóò dá ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́bi pé ó ní kí àwọn ọmọ dúró sílé ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí láti ọdún wọ̀nyí ni ohun tó ń tẹ̀ lé e. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá tí òjò máa ń padà rọ̀ gan-an lẹ́yìn ìdákẹ́ oṣù kẹjọ ni sáà kìíní ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí òjò bá sì gbà, ó ti lọ nìyẹn. Olùkọ́ a fo orí ẹ̀kọ́ kan, ìdánwò kò ní yẹ̀ lórí ọjọ́ rẹ̀, orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fò a sì tún jáde nínú ìbéèrè. Ní ọdún tó kọjá, ìdá onídàá ni ọmọ mi kò rí kọ́ ní kíláàsì. Èmi ni mo jókòó tì í ní alẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ ìṣirò tí èmi gan-an ti gbàgbé.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé-ìwé sọ pé àwọn ìlú tí òjò dídì ti máa ń dí ọ̀nà ni òun ti rí àwòṣe ètò náà. Nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, mo pè é kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí ilé-ìwé ìjọba ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 180 ó kéré tán lọ́dún, ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-ìwé ní agbègbè kọ̀ọ̀kan kọ ọjọ́ 185 sórí kàlẹ́ńdà kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Márùn-ún tó lé yẹn ni wọ́n fi ń de òjò dídì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ìparí méjì ni wọ́n máa ń tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà àwọn, ọ̀kan fún ọdún tí òjò dídì kò bá dí ohunkóhun lọ́wọ́, èkejì fún ọdún tí ọjọ́ márààrún bá bá a lọ, kí òbí tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú má baà ṣì í rà. Ní ìdájí ni ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ agbègbè náà ń pinnu, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bi àwọn tó ń kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà léèrè bí títì ṣe rí, fóònù òbí a sì dún kí ọmọ tó jí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọjọ́ márààrún bá tán ńkọ́?"

Ó ní, "Àbúrò mi, inú oṣù kẹfà la ó kó o sí, nínú ooru. Àwọn agbègbè mìíràn máa ń gé e kúrò nínú ìsinmi oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọn ò wí fún òun."

Ìdáhùn yẹn ni mo fi wọn ètò tiwa nígbà tó yá, nítorí pé ibẹ̀ ni àìpé rẹ̀ wà. Ní ìgbà òtútù ọdún 2014 sí 2015, íǹṣì 110.6 ni òjò dídì tó bọ́ sí ìlú Boston, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà, ọjọ́ márùn-ún kò sì tó fún ọ̀pọ̀ agbègbè lọ́dún náà. Síbẹ̀, ọjọ́ 180 kò yẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kò sì yẹ̀, nítorí náà kálukú mọ ibi tí ọjọ́ tó ṣẹ́kù yóò ti wá.

Mo padà sí ilé-ìwé wa. Ohun tó dára jù lọ nínú ètò wọn ni ibi tí wọ́n gbé ọjọ́ ìpamọ́ náà sí. Ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ìsinmi àárín sáà, méjì tó kù jẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì ní òpin oṣù kọkànlá, ṣáájú ọ̀sẹ̀ àtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́. Mo gbóríyìn fún wọn gidigidi lórí èyí. Ọjọ́ tí a bá fi kún òpin sáà lẹ́yìn ìdánwò, ọjọ́ eré àti ìfọṣọ ni, kò sí olùkọ́ tí yóò ṣí orí ẹ̀kọ́ tuntun nígbà tó bá ti ń kọ máàkì sí ìwé èsì. Àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an ń jìyà èyí: inú oṣù karùn-ún ni ìdánwò ńlá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama wọn fi ń wá àǹfààní yunifásítì máa ń wáyé, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san padà ní oṣù kẹfà kò lè ran ẹni tó ti ṣe ìdánwò náà lọ́wọ́ mọ́. Ilé-ìwé wa rí ọ̀fìn yìí, wọ́n sì yẹra fún un.

Ọjọ́ mẹ́rin ni òjò gbà lọ́wọ́ wa ní sáà náà, méjì ní ìparí oṣù kẹsàn-án, méjì láàárín oṣù kẹwàá. Wọ́n lo ọjọ́ Ẹtì àárín sáà, ó sì lọ dáadáa: bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ, oúnjẹ wà, olùkọ́ ìṣirò fi odindi wákàtí méjì kọ́ wọn ní ìdá onídésímà tí wọn ìbá ti fò. Mo wo ìwé ọmọ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ gidi wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lù olùkọ́. Ọjọ́ méjì òpin oṣù kọkànlá náà kò burú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí kan ti ṣètò láti mú ọmọ wọn lọ síbi ìgbéyàwó ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì ń bínú. N kò bá wọn bínú. Ọjọ́ náà wà lórí kàlẹ́ńdà láti oṣù kẹsàn-án.

Ọjọ́ kẹrin ni ètò náà fọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n pamọ́, kò sì sí ìlà kankan lórí ìwé náà tó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tán. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ìkéde wọlé sórí WhatsApp pé kí àwọn ọmọ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyẹn ní ọ̀túnla. Bọ́ọ̀sì kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ní láti fi ọmọ mi sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Ìjẹun-Titun dé Àsẹ̀rò kí èmi náà tó lè lọ ṣí ìsọ̀ mi ní Kútọ̀. Kò tó ìdajì kíláàsì tó wá. Àwọn ọmọ tí ìdílé wọn ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kò lè wá rárá, kò sì sí ẹni tó ronú kàn wọ́n. Àwọn tó wá da ọ̀rọ̀ kọ láti orí pátákó fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì lọ sílé. Èyí dùn mí ju ìgbà tí ọjọ́ máa ń sọnù láìsí àfidípò lọ, nítorí pé ilé-ìwé kà á sí ọjọ́ tí wọ́n ti san padà.

Mo ní ìmọ̀ràn kan tí kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ọ̀nà kò bá dára ní òwúrọ̀ ṣùgbọ́n tí ìrètí wà pé yóò dára láìpẹ́, wọn kì í ti ilé-ìwé pa. Wọ́n a sún ìwọlé síwájú pẹ̀lú wákàtí méjì. Àgbàrá Abẹ́òkúta bá èyí mu gan-an, torí pé bó ṣe ń yára dé láti orí òkè náà ló ń yára lọ. Nínú ọjọ́ mẹ́rin tí a pàdánù, ó kéré tán ọ̀kan wà tí ojú ọ̀nà ti gbẹ ní aago mẹ́wàá, tí àwọn ọmọ sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ohio àti Wisconsin tilẹ̀ ti fi kíka ọjọ́ sílẹ̀, wákàtí ẹ̀kọ́ ni òfin wọn ń béèrè. Ní Wisconsin, 1,050 fún kíláàsì kìíní sí ìkẹfà. Bí ilé-ìwé wa bá ń ka wákàtí, ẹ̀kọ́ láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́ta yóò ní iye tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú mi dùn pé wọn kò dán an wò. Ìlú New York gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2024 nígbà tí òjò dídì ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ àti olùkọ́ kò sì rí ọ̀nà wọlé sórí ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ náà. Níhìn-ín, òjò tó dí ọ̀nà ló máa ń mú iná lọ pẹ̀lú. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n bá ti tẹ̀ sílẹ̀, tí ọmọ sì ti gbé lọ sílé láti oṣù kẹsàn-án, yóò wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òjò nìkan kọ́ ló ń gba ọjọ́, sáà kejì yóò sì dán ètò yìí wò lọ́nà mìíràn. Ìtùnú Ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún ṣáájú lọ́dọọdún, rírí oṣù ló sì ń pinnu rẹ̀; ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde ọjọ́ 9 àti 10 oṣù kẹrin fún ìsinmi, nígbà tí wọn kò rí oṣù, wọ́n fi ọjọ́ 11 kún un. Ìdìbò náà wà níbẹ̀: ní ọdún 2023, wọ́n sún ìdìbò gómìnà láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 oṣù kẹta.

Wọn kò fi owó kún owó ilé-ìwé nítorí ètò yìí, mo sì béèrè bóyá àwọn olùkọ́ ń gba ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n ní ọjọ́ ìpamọ́ wà nínú àdéhùn iṣẹ́ wọn. Máàkì méje nínú mẹ́wàá ni mo fún ètò náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ló sì jẹ méjì nínú mẹ́ta tó kù. Kàlẹ́ńdà sáà kejì ti dé ọwọ́ mi báyìí. Ọjọ́ ìpamọ́ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-ìwé lè wọlé ní aago mẹ́wàá bí òjò bá rọ̀ ní òwúrọ̀. Ohun tí yóò tẹ̀ lé ọjọ́ kẹrin kò tíì sí níbẹ̀. Mo kọ ìbéèrè náà sí ẹ̀yìn ìwé tí a fi ń san owó, akọ̀wé sì ní kí n wá sí ìpàdé òbí tó ń bọ̀, pé ọ̀gá ilé-ìwé yóò dáhùn níbẹ̀.