Owó Ìrànwọ́ Omíyalé fún Àgbẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ka Ọsàn Mi

"Wọ́n ṣì wà láàyè." Gbólóhùn yìí ló ń bí mi nínú títí dòní, òun ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Oṣù Kẹwàá 2022, ọdún tí omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, odò Ògùn ya wọ oko mi lápá Mokoloki. Ẹ̀yin ará ibí mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti ṣí omi dáàmù Ọ̀yán. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lomi fi dúró. Ọgẹ̀dẹ̀ ẹ́kà kan, bí ẹsẹ̀ 600, wó lulẹ̀ pátá. Ọsàn mi 42, tí wọ́n ti ń so dáadáa, dúró sínú omi bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ.

Ti fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ omíyalé kò le. NIN, BVN, fọ́tò, ó parí. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, mo gbóṣùbà fún wọn níbẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìrànwọ́ náà tó wá wo oko. Ọyẹ́ ti dé, ilẹ̀ ti ń sán. Bàtà funfun ni ọ̀gá wọn wọ̀ wá sóko! "Bàbá, omi wo lẹ wá ń sọ?" Mo fi ibi tí ẹrẹ̀ gbẹ sí lára ọ̀pẹ hàn án. Ó ní ọ̀pẹ ò sí nínú fọ́ọ̀mù. A dé ìdí ọsàn, ó fọwọ́ kan ewé, ó ní, "Wọ́n ṣì wà láàyè." Ló bá kọ 0.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, ọsàn kì í kú lọ́jọ́ tómi bá wọlé. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ rà, ewé ló ń gbọ́ gbẹ̀yìn." Mo fi àdá họ èèpo ìdí ọ̀kan kó lè gbóòórùn rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Aago ló ń wò. Ọmọdébìnrin kọ́pà tó ń bá wọn fa téèpù ló kúnlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú. "Bàbá, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé."

Oṣù Kejì 2023, àlẹ́ẹ̀tì wọlé: ₦60,000. Mo jó! Lóòótọ́ ni, ìyàwó mi ń pariwo pé ẹ̀yìn mi ńkọ́. Àmọ́ ẹ rántí oṣù Kejì yẹn, tí báǹkì ò lówó. ₦12,000 ni oní-POS yọ kó tó kó ìyókù fún mi. Wọ́n tún gbé irúgbìn àgbàdo fún èmi ológẹ̀dẹ̀. Mo gbìn ín ṣá, ó yọmọ, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin, ọsàn 37 ti gbẹ. Mo gbé ẹ̀ka gbígbẹ kan lé èjìká, ó di ọ́fíìsì. Ìyáàfin tó wà nídìí tábìlì kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jókòó, bàbá, ẹ ti jẹun?" Ó tú fáìlì fún bíi wákàtí kan, ó rí ìwé náà, ó yí i padà, ó kà á sókè: "Gbòǹgbò ti ń rùn." Ó dákẹ́. Ó ní wọ́n ti ti ìwé orúkọ àwọn tó máa gbowó pa láti oṣù Kìíní. Ó sìn mí dé ẹnu géètì, òun ló bá mi gbé ẹ̀ka náà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ètò ìrànwọ́ náà. Ọmọ mi tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní ó ti pọ̀ jù. Mo ní kó tẹ 4.