Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń mì: ṣé gọ́ọ̀mù lẹ máa rà, àbí ojú dígí, àbí odindi?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yín, kí ẹ fi ọwọ́ kan di ilé dígí náà (ike tó gbé ojú dígí sínú) mú gírígírí, kí ẹ wá fi ìka ọwọ́ kejì rọra tẹ ojú dígí fúnra rẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí ojú dígí nìkan ló ń mì, tí ilé rẹ̀ kò mira, inú ni wàhálà wà. Bí ojú àti ilé bá jọ ń mì, tí àlàfo ń ṣí tó ń pa níbi tí ẹsẹ̀ dígí ti pàdé ilẹ̀kùn, nọ́ọ̀tì ló tú. Bí ẹsẹ̀ bá dúró digbí lára ilẹ̀kùn, àmọ́ tí apá tó kù ń jù síwá jù sẹ́yìn níbi tó ti máa ń ká, oríkèé rẹ̀ ló ti jẹ.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ máa rà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù ojú dígí tó dára jù lọ kò lè ṣe ohunkóhun fún nọ́ọ̀tì tó tú, odindi dígí tuntun sì jẹ́ owó tó ṣòfò bó bá jẹ́ pé ojú dígí nìkan ló ṣí kúrò lára àwo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má sì retí pé ẹni tó ń tajà ló máa bi yín léèrè ibi tó ń mì. Odindi ló máa gbé kalẹ̀ fún yín.

Nọ́ọ̀tì tó tú

Èyí ló rọrùn jù, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Nínú ọkọ̀, ní igun iwájú fèrèsé, ẹ máa rí ike kékeré onígun mẹ́ta kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 mm ló sì sábà máa ń wọ̀ wọ́n. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ike inú ilẹ̀kùn lẹ máa ṣí kí ẹ tó kàn wọ́n. Ẹ ki àkísà bọ ihò tó wà nísàlẹ̀ wọn kí ẹ tó tú ohunkóhun, torí nọ́ọ̀tì tó bá já sínú ilẹ̀kùn máa gbà yín lákòókò ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Bí nọ́ọ̀tì bá tú lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún tú, nítorí náà ohun tó yẹ kí ẹ rà ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi sí ojú ìrìn nọ́ọ̀tì, ìyẹn ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tì ń bá wọlé. Àwọ̀ búlúù wà, pupa náà wà. Búlúù máa ń di nọ́ọ̀tì mú, síbẹ̀ sípánà lásán lè tú u lọ́jọ́ iwájú. Pupa le ju bẹ́ẹ̀ lọ: iná ni wọ́n sábà máa ń fi yọ́ ọ kó tó gbà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé iná sún mọ́ ọ̀dà àti ike ilẹ̀kùn. Búlúù ni kí ẹ rà. Nọ́ọ̀tì tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tó bá bá ojú ìrìn bóòtù yín mu. Èyí tó wù kí ẹ lò, ẹ má fi agbára dè é. Irin dídà ni ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ dígí, kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń là, tó bá sì ti là, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní nọ́ọ̀tì nìyẹn.

(Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ará Japan tó dàgbà gan-an, dígí rẹ̀ lè má sí lára ilẹ̀kùn rárá. Ọdún 1983 ni òfin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba dígí orí ilẹ̀kùn, kí ìyẹn tó dé, lókè táyà iwájú ló máa ń wà. Ẹ wá nọ́ọ̀tì tiwọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.)

Ojú dígí tó ń mì, tàbí tó ti já

Ibí ni ọjà pọ̀ sí, ibí náà ni àṣìrà pọ̀ sí. Kí ẹ tó dárúkọ gọ́ọ̀mù kankan, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ojú dígí kò dá dúró, ó lẹ̀ mọ́ àwo ike kan lẹ́yìn, àwo yẹn ló fi ìkọ́ kéékèèké gán mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí i sókè sódò. Bí ìkọ́ bá kàn yọ láìṣẹ́, ẹ ò nílò láti ra ohunkóhun. Ẹ fi àkísà bo dígí, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín rẹ̀ títí ẹ máa fi gbọ́ ìró ìkọ́. Nígbà òtútù, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó móoru díẹ̀, torí ike tó tutù máa ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Bí ìkọ́ bá ti ṣẹ́, ẹ fo apá tó kàn yìí, kí ẹ lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ àwo. Bó bá jẹ́ dígí ló ṣí lára àwo, ẹ wá nílò ohun tó ń lẹ nǹkan.

Súpà gúlúù ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, òun náà sì ni mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti lò. Ó ń gbẹ kíákíá, ìyẹn dùn mọ́ èèyàn, àmọ́ tó bá ti gbẹ tán, líle rẹ̀ pọ̀ jù, kò lè tẹ̀. Ooru máa ń mú kí dígí àti ike fẹ̀, àmọ́ wọn kì í fẹ̀ bákan náà, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n níwọ̀n ìgbà tó bá ń rìn. Gọ́ọ̀mù tí kò lè bá wọn nà á máa ń ṣẹ́ kúrò lójú kan, ó di ọ̀nà títì kí dígí tún já. Kò tún lè dí àlàfo, èéfín rẹ̀ sì máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sára ibi tó bá bà lé.

Gọ́ọ̀mù epoxy, èyí tí ẹ máa po nǹkan méjì pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́, lágbára gan-an, ó sì ń dí àlàfo. Èyí tó ń gbẹ níṣẹ́jú márùn-ún wà, èyí tó ń gba wákàtí púpọ̀ náà wà. Èyí tó ń pẹ́ ló sábà máa ń le jù, ló sì ń fara da ooru jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ ni pé kò ṣeé tú mọ́. Dígí tí ẹ bá fi epoxy lẹ̀, fífọ́ lẹ máa fọ́ ọ kó tó kúrò. Bí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá sì ṣàn wọ oríkèé tàbí ẹ̀rọ tó ń yí dígí, ó parí, kò ní yí mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé dígí tó là, kì í ṣe fún ojú dígí.

Sílíkóònù máa ń rọ̀, ó máa ń bá gbígbọ̀n nà, torí náà ó yẹ iṣẹ́ yìí. Àmọ́ irú méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Èyí tó ń rùn bí fínígà nígbà tó bá ń gbẹ ní ásíìdì nínú, ásíìdì yẹn sì máa ń jẹ fàdákà ẹ̀yìn dígí, ẹ máa rí i tí etí dígí ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún dígí tí wọ́n ń wo ojú, tàbí tí wọ́n kọ “neutral” sí. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kó gbẹ, láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, nítorí náà bí ẹ bá tẹ́ ẹ sí gbogbo ẹ̀yìn dígí pẹrẹsẹ, àárín lè má tètè gbẹ. Ẹ fà á ní ìlà ìlà tó jìnnà síra, kí ẹ fi téèpù ọlọ́dà di ojú dígí mú lójú kan di ọjọ́ kejì.

Téèpù oníhà-méjì ni mo máa kọ́kọ́ dábàá. Mi ò sọ nípa téèpù fóòmù funfun tí wọ́n ń fi gbé àwòrán kọ́ sára ògiri o. Ìyẹn máa ń mu omi, ó sì máa ń rún. Irú tí wọ́n ń fi lẹ ike sára ọkọ̀ ni mò ń sọ, fóòmù acrylic, irú VHB tí ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe. Ó ń di dígí mú lójú ẹsẹ̀, ó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, kò sí ohun tó máa ṣàn wọ inú ẹ̀rọ. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ yín ni mímọ́: ẹ fi sípírítì nu dígí àti àwo, ẹ má fi ìka kàn án mọ́, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí wákàtí ṣe ń lọ, nǹkan bíi wákàtí 72 ni kó tó pé pátápátá, torí náà ẹ má gbé ọkọ̀ lọ fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí sílíkóònù fi ta téèpù yọ ni ìgbà tí àwo bá rí gbágungbàgun, tí téèpù ò lè fara kàn án délé.

Ohun kan wà tó lè sọ gbogbo àfiwé yìí di asán, ìwọ̀nba èèyàn ló sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí àwo ike náà padà, kí ẹ wá lẹ́tà tín-tìn-tín tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn, tó ń sọ irú ike tó jẹ́. Bí ẹ bá rí ABS, ẹ ṣe oríire, ohun gbogbo tí mo dárúkọ ló máa lẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ PP, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ di irú ike yẹn mú, téèpù pàápàá ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ pa oògùn kan sí i. Lórí PP, mi ò ní bá gọ́ọ̀mù jà, mo máa ra àwo tuntun.

Ojú dígí lásán àbí èyí tó ní àwo?

Ojú dígí tí wọ́n gé, tí wọ́n ní kí ẹ lẹ̀ mọ́ orí ti tẹ́lẹ̀, ló sún mọ́ ọwọ́ jù. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń fi ìwúwo kún ìwúwo: ìkọ́ àti ẹ̀rọ tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ tún wá gbé dígí méjì. Etí rẹ̀ tó yọ síwájú tún lè máa ha ilé dígí nígbà tí ẹ bá ń yí i. Bí dígí àkọ́kọ́ bá yọ ikùn, tí tuntun sì tẹ́jú, àárín nìkan ni wọ́n máa ti fara kan ara wọn. Èyí tó wá pẹ̀lú àwo àti ìkọ́ tirẹ̀ wọ́n díẹ̀ sí i, àmọ́ ọwọ́ lásán lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí wáyà méjì bá wọ ẹ̀yìn ojú dígí yín, dígí tó ń gbóná ni, èyí tó ní àwo tó sì ní ibi tí wáyà ń wọ̀ nìkan ni kí ẹ rà.

Ẹ wo ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ojú dígí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ tẹ́jú. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò lè yọ ikùn, wọ́n sì máa ń kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ pé ohun tí ẹ ń rí nínú rẹ̀ sún mọ́ yín ju bó ṣe rí lọ. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, ti awakọ̀ náà sábà máa ń yọ ikùn. Méjèèjì lè wọ inú ilé dígí kan náà, àmọ́ ọkọ̀ ẹ̀yìn yín ò ní jìnnà bákan náà nínú wọn. Ẹ gbé rúlà lé ojú ti àtijọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rúlà lọ́tùn-ún lósì, ó yọ ikùn, èyí tó rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ rà padà.

Oríkèé tó jẹ

Sípíríǹgì líle ló wà nínú ibi tí dígí ti máa ń ká, tó bá dógùn-ún tàbí tó ṣẹ́, gbogbo orí dígí á máa mì bí ọkọ̀ bá ti sáré. Ó ṣeé pààrọ̀ nínú àwọn dígí kan, àmọ́ sípíríǹgì yẹn lè ta mọ́ èèyàn lójú. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, tàbí kí ẹ ra odindi.

Odindi: tuntun ojúlówó, tuntun àfarawé, àlòkù ojúlówó

Tuntun láti ọwọ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló dára jù, ó sì sábà wọ́n jù, fún ọkọ̀ tó ti dàgbà ó lè má sí lọ́jà mọ́. Nínú àwọn méjì tó kù, àlòkù ojúlówó ni mo yàn. Ọ̀pọ̀ àfarawé ló fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ilẹ̀kùn mu, ó sì lè máa gbọ̀n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wàhálà tí ẹ tìtorí ẹ̀ lọ sọ́jà gan-an nìyẹn. Wọ́n tún sábà máa ń tà á láìkùn, àlòkù sì lè ní àwọ̀ ọkọ̀ yín. Àfarawé máa ń borí níbi tí àlòkù tó kù nílẹ̀ bá ti gbẹ nínú oòrùn, tí ike rẹ̀ ń là tí etí dígí sì ti dúdú.

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ ka wáyà kí ẹ tó sanwó. Dígí tí wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré inú ọkọ̀ yí kò ní wáyà iná, okùn irin ló ní. Tí iná ba ń yí i, wáyà mẹ́ta ló sábà máa ń ní, ooru fi méjì kún un, iná tí ẹ fi ń yà àti ẹ̀rọ tó ń ká a tún fi tiwọn kún un. Ẹ ya fọ́tò ojú wáyà tiyín lọ. Ẹ mú nọ́ńbà ṣàsí ọkọ̀ náà lọ, torí orúkọ ọkọ̀ lè má yí padà kí ìrísí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti yí. Ọ̀tún tí wọ́n ń sọ lọ́jà ni ọ̀tún ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó kọjú síwájú, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀ tó ń wò ó. Bí wọ́n bá tú u lára ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà ní òdìkejì tiyín, ó lè wọlé dáadáa kí ojú dígí má sì lè yí dé ibi tí ẹ máa ti rí ẹ̀yìn.

Fún àlòkù, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ gbọn orí rẹ̀, ẹ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹ ṣe ṣe sí tiyín, kí ẹ sì ní kí olùtajà fi bátìrì dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò lójú yín. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró tí ojú dígí ò sì yí, eyín inú ẹ̀rọ ló ti jẹ, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un.