Àpò PICS fún ìpamọ́ ẹ̀wà àti àgbàdo: ibi tó ti dára jù àti ibi tó ti máa ń já èèyàn kulẹ̀

Ẹ̀wà tí wọ́n rà lásìkò ìkórè, tí wọ́n dà sínú àpò lásán, kì í pẹ́ tí ìyẹ̀fun fi ń jábọ́ nídìí rẹ̀. Kí ọjà tó gbówó lórí, hóró tó ti lu ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀. Torí èyí ni wọ́n ṣe ṣe àpò PICS (ìkékúrú Purdue Improved Crop Storage). Onípele mẹ́ta ni: ọ̀rá líle méjì wà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 80 máíkírónì (1,000 máíkírónì ló wà nínú mílímítà kan), àpò híhun bíi ti ìrẹsì ló wà níta. Èyí tó ń gba 50 kílò wà, èyí tó ń gba 100 kílò náà wà. Kò sí oògùn kankan lára rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà fún oṣù mẹ́fà kò lè rí ohun tó dára tó o ní iye owó rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń dì í ni èrè rẹ̀ wà, àpò tí wọn ò bá sì dì dáadáa kò sàn ju àpò ìrẹsì lọ.

Inú iṣẹ́ ìwádìí ló ti jáde. Larry Murdock, onímọ̀ nípa kòkòrò ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, àti àwọn olùwádìí ọmọ Kamẹrúùnù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní apá àríwá Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980, nítorí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tí kò lówó oògùn. Ní 2007, àjọ Gates fowó sí i kí wọ́n lè gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ní Nàìjíríà, Benin, Tógò, Nìjẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní agbègbè wa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹ kó yé èèyàn kó tó náwó sí i, torí ibẹ̀ ni gbogbo òfin lílò rẹ̀ ti wá. Láti oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà wálé. Ẹ mú hóró kan sún mọ́ ojú: bí ẹ bá rí àmì funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ pinpin, ẹyin nìyẹn. Ìdin tó bá pa níbẹ̀ a gba abẹ́ ẹyin wọ inú hóró lọ, a máa jẹ ẹ́ láti inú. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde, ẹ óò rí ibì kan tó ṣú roboto lára èèpo, bíi fèrèsé tí wọn ò tíì ṣí. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ó ti di kòkòrò tó ń fò, abo kan nínú wọn sì lè yé ẹyin tó tó ọgọ́rùn-ún.

Bí a bá sé wọn mọ́ inú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, mímí tí àwọn fúnra wọn ń mí ni yóò fa ọ́síjìn inú rẹ̀ wálẹ̀. Wọn kì í kú lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa tì. Ẹ̀wà gbígbẹ kò ní omi tí kòkòrò lè mu. Láti ara oúnjẹ tó ń jẹ ni ara rẹ̀ ti ń ṣe omi tirẹ̀, ọ́síjìn ló sì fi ń ṣe é. Bí ọ́síjìn bá ti wọ́n, omi wọ́n, wọn á sì gbẹ kú. Ìdí nìyí tí àpò tó kún fi sàn ju èyí tó wà ní ìdajì: afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́ kù lókè ni kòkòrò yóò fi máa jẹun lọ. Ẹ̀wà tó bá ti lu kí ẹ tó dà á sínú rẹ̀, bó ṣe lu náà ni yóò wà, torí náà kì í ṣe ẹ̀wà oṣù Kẹta lèèyàn ń rà sínú àpò yìí, ẹ̀wà tuntun ni.

Ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́ jù níhìn-ín. Ẹ̀wà tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya sábà máa ń gbẹ. Àgbàdo tiwa ló ní wàhálà. Inú òjò ni wọ́n ti ń kó àgbàdo àkọ́kọ́ ní oṣù Keje àti Kẹjọ, àpò yìí kì í sì í gbẹ nǹkan. Ọ̀rinrin tó bá bá àgbàdo wọlé, ibẹ̀ ni yóò wà, yóò bu funfun, yóò kan, àflátọ́sìn, oró tí bíbu náà ń mú wá, sì lè wà nínú rẹ̀ láìfojú hàn. Àgbàdo gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí ọ̀rinrin ìdá 13 nínú 100, ẹ̀wà sí 12. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, kó mú ìgò gbígbẹ, kó da hóró díẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, kó dé e, kó mì í dáadáa, kó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ. Àmọ́ kí ẹ má ṣe gbára lé iyọ̀ nìkan. Bí kò bá lẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rinrin ti wà lábẹ́ nǹkan bí 15, kò sọ pé ó ti dé 13. Ẹ tún un sá fún ọjọ́ kan tàbí méjì sí i lórí tapólì. Bí ẹ bá kó o kúrò nínú oòrùn, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í. Ooru tó bá bá a wọ ọ̀rá yóò di omi lókè rẹ̀ ní òru.

Kí ẹ tó da nǹkan sínú rẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́: bí ihò bá wà, atẹ́gùn rẹ̀ yóò bà yín lójú. Ẹ ki ọ̀rá kan bọ inú èkejì, ẹ ki méjèèjì bọ inú àpò híhun. Ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ igun méjèèjì, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń bù ú sí i. Kó má kún dé ẹnu. Ẹ fi nǹkan bí 25 sẹ̀ntímítà ọ̀rá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá inú títí kò fi ní ṣeé lọ́ mọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ fi okùn so ó nídìí gírígírí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì, kí ẹ tó wá so àpò híhun. Àwọn kan máa ń so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè yá. Ìyẹn ti sọ ọ̀rá méjì di ọ̀kan, torí àǹfààní èkejì ni pé bí kòkòrò bá lu èyí tó wà nínú, òun á ṣì dá afẹ́fẹ́ dúró. Wáyà kò dára fún sísopọ̀, ó máa ń gé ọ̀rá.

Orí pákó ni kí ẹ tò ó sí, kó jìnnà sí ògiri àti oòrùn. Eku ni ọ̀tá tó burú jù fún ọ̀rá rẹ̀, nítorí ihò eku kan ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di àpò lásán. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ̀wà kúrò lára pòròpórò àti òkúta, kí ẹ ṣa ṣùkù kúrò nínú àgbàdo. Igi ṣóńṣó kékeré a máa gún ọ̀rá nígbà tí wọ́n bá ń gbé e.

Ẹni tó ń ta kóńgò kóńgò kò gbọ́dọ̀ máa bu ẹ̀wà títà láti inú àpò PICS. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ọ́síjìn tuntun ti wọlé. Ẹ ra ti 50 kílò méjì dípò 100 kílò kan, kí ẹ máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ẹ bá ṣí tán kíákíá. Fún ìdílé tó ń jẹ ẹ̀wà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, tó kún dé ẹnu, tí ìdérí rẹ̀ le, sàn jù. Ẹ pín in sí kẹ́ẹ̀gì kéékèèké.

Ní ti owó, àpò yìí wọ́n ju àpò lásán lọ dáadáa, àmọ́ ó ṣeé lò tó ìkórè mẹ́ta bí kò bá lu. Owó tó há sínú ẹ̀wà ni kí ẹ ṣírò. Ká ní ẹ yá ₦100,000 ra ẹ̀wà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦3 lórí ₦100 lóṣù: lóṣù mẹ́fà, èlé ti di ₦18,000. Bí àpò bá jẹ́ ₦3,000, tí ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ₦1,000 péré ló kó lé ọjà yín. Ìyẹn ni pé ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ kọjá ₦119,000 kí ẹ tó jèrè kọ́bọ̀ kan, ká má tíì sọ owó ọkọ̀. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ rajà ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù.

Àwọn tó ń fi òtàpíápíá tàbí Sniper sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ń fi ẹ̀mí àwọn tó máa jẹ ẹ́ wewu. Ní 2015, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí díkílófọ́ọ̀sì, oró apakòkòrò tó wà nínú Sniper: 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan ni wọ́n gbà láyè, ohun tí wọ́n bá lára ẹ̀wà wa jẹ́ 0.03 títí dé 4.6. Sísè kì í ṣe ìdánilójú pé oró rẹ̀ ti lọ. Àpò PICS kò fi nǹkan kan sára oúnjẹ, ohun ọ̀gbìn tó bá sì gbẹ dáadáa á hù bí wọ́n bá gbìn ín padà.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ tú u wò lójú ẹni tó ń tà á. Ọ̀rá méjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, tó nípọn bákan náà. Èyí tí wọ́n bá fi ọ̀rá kan ṣoṣo sí, tàbí ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó ń ya bí ẹ bá fi èékánná fà á, ẹ dá a padà fún un, àmì yòówù kí wọ́n tẹ̀ sí i lára.