Ẹ̀rọ omi ológbò: mo fi oṣù mẹ́ta wọn ohun tó ń mu

Pọ́n-ùn 28 ni mo ra ẹ̀rọ omi yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abọ́ irin ni, ó ń gba lítà méjì. Pọ́ǹpù kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ti omi sókè, omi á sì ṣàn gba inú asẹ́ padà sísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ológbò yín á máa mu omi ní ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n rà á, òun náà ni mo sì bá wá síbí.

Ọmọ mi obìnrin ló ni ológbò. Nígbà tó ń lọ sí yunifásítì ní Leeds, ó fi í sílẹ̀ fún mi ní Lewisham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi tọ́jú Biscuit." Èmi ò lè máa pe nǹkan ẹlẹ́mìí ní bisikíìtì. Ìyálójà ni mo ń pè é, torí kò sí ẹrù tó wọlé yìí tí kì í tú wò. Ọmọ ọdún 14 ni. Dókítà ẹranko ní àìsàn kíndìnrín rẹ̀ wà ní ìpele kejì nínú mẹ́rin. Ìfun rẹ̀ náà ń wú, ìyẹn ló ń mú un bì, tó fi ń lo prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀, tó sì ń gba abẹ́rẹ́ fítámìnì B12. Ìgbẹ́ rẹ̀ wá ń le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀kan ń ti èkejì ni: kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè dá omi dúró mọ́, ó ń tọ̀ ọ́ dànù, ara á wá máa fa ìwọ̀nba omi tó kù nínú ìfun, ìgbẹ́ á gbẹ, á dí i, èébì á tún bẹ̀rẹ̀, omi á tún bá èébì lọ. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ìfun kọ́ ni wọ́n ṣe fún kíndìnrín. Ti kíndìnrín, tí phosphorus rẹ̀ kéré (èròjà inú oúnjẹ tó ń ni kíndìnrín aláìsàn lára), la mú níkẹyìn, nítorí òun ló gbà láti jẹ. Nígbà tí mo sọ iye tí abẹ́rẹ́ kan jẹ́ fún màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n gé fóònù.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, ó ti mọ́ mi lára láti máa kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ra ife oníwọ̀n. Nígbà tó ń lo abọ́ lásán, 180 mílílítà ló ń dín nínú rẹ̀ lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ dé, ó di 220. Ìlọ́po méjì kọ́ o, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo pe ọmọ mi lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ń wa bọ́ọ̀sì tó ṣófo lọ, ló bá sọ sí mi lọ́kàn: ṣé omi tó ń ṣàn kì í gbẹ ju omi tó dúró lọ ni? Lọ́jọ́ tí mo ráyè, mo mú Ìyálójà sínú yàrá mi pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ ní pálọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, 35 mílílítà ti lọ nínú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu kàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún abọ́ lásán náà, 8 péré ló gbẹ. Ẹ bá mi yọ ọ́: 185 ló ń mu nínú ẹ̀rọ, 172 nínú abọ́. Mílílítà 13 ni gbogbo ariwo orí páálí. Kò kún ṣíbí ìjẹun kan.

Aṣálẹ̀ ni baba ńlá àwọn ológbò ti wá, ara ẹran tí wọ́n bá pa ni wọ́n ti ń rí omi, nítorí náà òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n. Inú oúnjẹ ni kí ẹ gbà. Oúnjẹ inú ọ̀rá tó ń jẹ, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti gbígbẹ kò ní ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Mo ń bu ṣíbí méjì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, mo sì ń pò ó bí ẹni ń po ògì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó di 90 mílílítà. Ohun tó ń mu nínú ẹ̀rọ dín díẹ̀, bí 25, síbẹ̀ èrè pọ̀. Kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ́ rẹ̀ ti rọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni dókítà fi lactulose, tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, kún oògùn rẹ̀, ẹ má kó gbogbo ọpẹ́ fún omi.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Irin rẹ̀ dára, kì í há òórùn mọ́ra bí ike. Kì í pariwo, àfi tí omi bá lọ sílẹ̀. Àmọ́ omi Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé: ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù yín, òun náà ló ń bo pọ́ǹpù bí ẹfun. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọlọ. Ìwé tó bá a wá kò sọ pé pọ́ǹpù ṣeé tú. Ó ṣeé tú. Ẹ fi èékánná ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ yọ àjẹ̀ kékeré tó ń yí nínú rẹ̀ láti ti omi, ẹ fi fínígà àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ògbólógbòó fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ kò bá fọ abọ́ náà títí di ọjọ́ kẹrin, ẹ fọwọ́ ra inú rẹ̀, á ti máa yọ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkẹta yẹn, nítorí pé aago mẹ́rin àárọ̀ ni mo ń jáde nílé, mo sì mọ̀ pé lítà méjì ò ní tán kí n tó dé. Tí ẹ bá ń gbélé, abọ́ méjì tó fẹ̀, tí ẹ gbé jìnnà sí yanrìn ìyàgbẹ́, tó.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí pọ́ǹpù àkọ́kọ́ kú pátápátá, ẹni tó tà á fún mi fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò jà mí níyàn rárá. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́yín méjì ló fi kún un, irú ti Amẹ́ríkà. Mo ra àdápítọ̀ ní pọ́n-ùn méjì ní ọjà Lewisham, òun ló ń gbé e ṣiṣẹ́ títí di òní.