Fámásì kan lápá Ọ̀láìyá: ọjà wọn wọ́n díẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ ohun tó wà nínú túùbù

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tó kù yẹn, owó ọjà wọn àti POS wọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ kì í dúró nírọ̀lẹ́ ló gbé e lọ. Fámásì kékeré ni, tẹ́ ẹ bá ti Ọ̀láìyá forí lé Ògo-Olúwa ní Òṣogbo lẹ máa rí i, mi ò ní dárúkọ wọn torí wọn ò gbéṣẹ́ ìpolówó fún mi, ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn á ti mọ àwọn tí mò ń wí.

Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pa orúnkún la lọ rà fún màmá mi. Ìyá apoògùn tó wà níbẹ̀ ò kàn gbé e fún wa kó gbowó, túùbù méjì ló gbé kalẹ̀, diclofenac diethylamine (oògùn ìrora) 1.16% ni wọ́n kọ sára méjèèjì, òun náà ni 1% diclofenac sodium tẹ́ ẹ máa ń rí lára àwọn mìíràn, owó wọn ò sì jọra rárá, ló bá yí ẹ̀yìn páálí wọn sí mi pé kí n ka ohun tí wọ́n fi po oògùn náà.

Ìyàtọ̀ wà o! Ọ̀kan ní isopropyl alcohol (irú ọtí kan), propylene glycol àti liquid paraffin nínú, èkejì, omi àti nǹkan tó mú un ki ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní òkè awọ ara wa, stratum corneum tí wọ́n ń pè é, ní ọ̀pọ̀ ibi lára kò nípọn ju máíkírómítà 10 sí 20 lọ (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan), àmọ́ òun gan-an ló ń dènà, òkú sẹ́ẹ̀lì ni, ọ̀rá wá wà láàárín wọn bíi sìmẹ́ńtì láàárín búlọ́ọ̀kù. Oògùn tó bá fẹ́ràn omi nìkan ò ní ráyè gba inú ọ̀rá yẹn kọjá, èyí tó bá sì fẹ́ràn ọ̀rá jù á há síbẹ̀. Ọtí inú jẹ́ẹ̀lì máa ń tú ọ̀rá yẹn díẹ̀, tí ọtí náà bá wá gbẹ kúrò lára, oògùn tó kù á le sí i, á túbọ̀ máa wọlé. Propylene glycol ní tiẹ̀ ń yọ́ oògùn, ó sì ń bá a wọnú awọ. Torí ẹ̀, 1% tibí lè má ṣiṣẹ́ bíi 1% tọ̀hún.

Màmá ò tiẹ̀ gbọ́ gbogbo ìyẹn. "Dókítà, èyí tó ń ta lára yẹn ni kẹ́ ẹ fún mi jàre." Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú mà, èyí tó ń ta yẹn, menthol àti methyl salicylate ni, diclofenac fúnra ẹ̀ kì í ta." Ó gbà pé menthol náà máa ń ṣínà fún oògùn díẹ̀, àmọ́ methyl salicylate, mọ̀lẹ́bí aspirin ni, ẹni tó bá ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) kó má kàn máa fi para, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè ṣàn jù. Ó tún béèrè bóyá Màmá ní ọgbẹ́ inú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ìdí nìyẹn tí jẹ́ẹ̀lì fi sàn fún wọn ju tábúlẹ́ẹ̀tì lọ, nǹkan bí 6% péré nínú ohun téèyàn bá fi para ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó wá kìlọ̀ pé kí wọ́n má pò ó mọ́ òrí tàbí àdí, diclofenac á fara mọ́ ọ̀rá wọn, á jókòó sókè awọ. (Màmá wò mí. Mo wojú ọ̀run.)

Ibi tí wọ́n ti wú mi lórí jù ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tó wọlé, tó ń fẹ́ kríìmù ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn, ìyẹn oògùn mẹ́ta nínú túùbù kan, tí steroid (oògùn tó ń mú ara wíwú àti yíyún rọlẹ̀) wà nínú ẹ̀, làpálàpá abẹ́ ló ń dà á láàmú. Wọn ò tà á fún un, clotrimazole (oògùn làpálàpá) lásán ni wọ́n fún un. Ẹ gbọ́, ìwádìí tí Feldmann àti Maibach ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967 fi hàn pé hydrocortisone, steroid kan, tó ń wọlé lára àpò kórópọ̀n tó ìlọ́po 42 ti apá! Àtẹ́lẹsẹ̀ kẹ̀, kò tó nǹkan rárá. Ẹ wá fi náílọ́ọ̀nù wé e, ó lè tó ìlọ́po 10 sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ointment sábà máa ń lágbára ju kríìmù lọ bí nọ́ńbà wọn tiẹ̀ dọ́gba, torí ọ̀rá inú ẹ̀ ò jẹ́ kí omi ara fò lọ, awọ á sì rọ̀. Ẹ wo àwọn tó ń fi clobetasol 0.05%, steroid tó lágbára gan-an, bóra lójoojúmọ́, kí lẹ rò pé ó ń ṣe fún wọn?

Àléébù wọn: ìyá yìí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń pòṣé, jẹ́ẹ̀lì tí mo rà sì fi ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ wọ́n ju ti ibòmíràn lọ. Orúnkún Màmá ṣì ń ro wọ́n tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, àmọ́ wọ́n ti ń rí oorun sùn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàṣì dání, ẹ sì mú túùbù tẹ́ ẹ ń lò nílé lọ, wọ́n á ka ẹ̀yìn ẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.