Wọ́n ní lẹ́ńsì tuntun ti kú: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù kan tó ń tún PS2 ṣe ní Ìlọrin

Ẹyọ lẹ́ẹ̀dì kan (òjé tí wọ́n ń yọ́ fi so nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló mú mi jókòó kọ èyí. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbé PS2 mi (PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù Sony) padà sórí káńtà, ó gbọn ọwọ́ nù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́ńsì tuntun yẹn ti kú. Àyédèrú ló kún ọjà báyìí. Ẹ wá ₦12,000 míì, ká mú ojúlówó.” Látìgbà tí wọ́n ti de lẹ́ńsì ọ̀hún mọ́ inú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò tíì fi mítà kàn án. Wọ́n tan ẹ̀rọ, díìsì ò yí, wọ́n bá ka lẹ́ńsì mọ́ òkú.

SCPH-70004 ni ẹ̀rọ náà, PS2 pẹlẹbẹ tí Sony gbé jáde lọ́dún 2004. Ẹ mọ̀ ọ́n, n ò ní máa ròyìn rẹ̀. Àìsàn tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ni pé díìsì tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ búlúù ń wọlé, èyí tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ fàdákà ò wọlé. Géèmù tó wà lórí CD ló ní abẹ́ búlúù, DVD ló ní abẹ́ fàdákà. Lẹ́ńsì ni ojú tí ẹ̀rọ fi ń ka díìsì. Iná léésà méjì ló sì wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo yẹn: ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti CD jẹ́ 780 nánómítà, ti DVD jẹ́ 650. Bí ọ̀kan bá rẹ̀, èkejì lè ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Tí búlúù bá wọlé, tí fàdákà sì ń gbé ojú pupa yẹn wá pé ká fi díìsì PlayStation sí i, ẹ ti mọ̀ pé mọ́tò ń yí, pé bọ́ọ̀dù wà láàyè, pé bọ́tìnnì kéékèèké tí ìdérí máa ń tẹ̀ kò há. (Tí bọ́tìnnì yẹn bá há, díìsì kankan ò ní yí rárá, ẹ̀rọ á rò pé ìdérí ṣì wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tó dáa ni wọ́n ti yọ sọnù nítorí èyí.) Ohun méjì ló sábà máa ń kù: ìdọ̀tí, tàbí iná DVD tó ń kú lọ.

Ìdọ̀tí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, pàápàá ní Ìlọrin. Eruku ọyẹ́ tiwa kì í ṣe kékeré, lẹ́ńsì PS2 pẹlẹbẹ sì dojú kọ òkè gbangba nígbàkígbà tí ìdérí bá ṣí. Ẹ ò nílò sukudiráfà kankan fún èyí. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi òwú orí igi tí wọ́n fi ń fọ etí kan isopropyl alcohol tí agbára rẹ̀ tó 99%, kó má kán, kó kàn tutù. Ẹ fi nu ojú lẹ́ńsì yípo wẹ́rẹ́, ẹ fi òwú gbígbẹ tẹ̀ lé e. Wáyà tín-ín-rín ló gbé lẹ́ńsì yẹn dúró, ó ń fò lófuurufú ni, nítorí náà ẹ má tẹ̀ ẹ́. Sípírítì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Lọ́fínńdà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tún fi mítà wo àdápítọ̀ yín: 8.5 fólìtì ló yẹ kó máa gbé jáde. Àwọn àdápítọ̀ ọjà kan ń gbé iye yẹn jáde lásán, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti fẹ́ sáré fún DVD, agbára wọn á já, ẹ ó sì máa bínú sí lẹ́ńsì.

Èyí tí mo ń sọ ti kọjá gbogbo ìyẹn. Lẹ́ńsì nìkan ló kù láti pààrọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ládùúgbò Post Office, láàárín àwọn tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Àáfà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gá ibẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé búlúù ń wọlé, fàdákà ò wọlé, a ti fọ lẹ́ńsì, àdápítọ̀ sì dáa. Kò tiẹ̀ dáhùn. Sukudiráfà tín-ín-rín ló mú, ó ń wá ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì láti yí kọ́ńtíróòlù tó wà níbẹ̀.

“Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n ná.”

Ó gbójú sókè. “Ṣé ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ yìí ni?”

Kọ́ńtíróòlù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún CD, ọ̀kan fún DVD. Àwọn ló ń pinnu bí iná tó ń wọ lẹ́ńsì ṣe máa pọ̀ tó. Tí ọ́ọ̀mù rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) bá dín kù, iná á pọ̀ sí i, lẹ́ńsì tó ti rẹ̀ á ríran fúngbà díẹ̀, oníbàárà á sanwó, á dúpẹ́, á máa lọ. Iná tó pọ̀ jù yẹn náà ló máa jó o tán láìpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí i dandan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ọ́ọ̀mù rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó wá máa sún un díẹ̀díẹ̀. Ojú ni àwọn onítúnṣe wa fi ń yí i. Lójú tèmi, olè ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ pé olè ni.

Ó gbà láti pààrọ̀ lẹ́ńsì. ₦12,000 fún lẹ́ńsì, ₦4,000 fún iṣẹ́, kò sí rìsíìtì. Mo ní kó jẹ́ kí n rí nọ́ńbà ara lẹ́ńsì kó tó dè é. PVR-802W ni, òun náà ló wà lára ti àtijọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo lẹ́ńsì PS2 pẹlẹbẹ ọ̀kan náà ni. TDP-082W wà, àwọn ẹ̀rọ kan tó jáde lẹ́yìn ọ̀wọ́ 70000 (èyí tí 70004 wà nínú rẹ̀) ni wọ́n sì ń lò ó fún.

Ìgbà tí mo padà lọ gbé e ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òkú fún mi. Mo ní kí wọ́n ṣí i níṣojú mi. Àáfà ní àwọn kì í ṣí ẹ̀rọ níṣojú oníbàárà. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ò ní san kọ́bọ̀ lé e. A wà lórí ìyẹn nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó bá jáde lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ló rọra fa ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe bó ṣe ṣe é, torí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é nìyẹn. Ó yọ wáyà iná. Ó fọwọ́ kan irin tó bo bọ́ọ̀dù kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun míì. Ó fi fóònù rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì, ó yí i díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibí yìí. Lẹ́ẹ̀dì yìí ṣì wà níbẹ̀.” Ojú bàbà méjì ló sún mọ́ ara wọn, lẹ́ẹ̀dì kóró kan tó ń dán so wọ́n pọ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ńsì ló ń fi lẹ́ẹ̀dì yẹn síbẹ̀. Iná ara ènìyàn, irú èyí tó máa ń ta wá lọ́wọ́ tí a bá bọ́ aṣọ nígbà ọyẹ́, tó láti pa iná inú lẹ́ńsì kí wọ́n tó dè é rárá. Lẹ́ẹ̀dì náà so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ kí iná yẹn máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹni tó bá dè é tán ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Tí kò bá yọ ọ́, lẹ́ńsì á máa fò sókè fò sódò láti wá díìsì, ìmọ́lẹ̀ pupa kankan ò sì ní jáde. Ìwé pélébé tó ń bá lẹ́ńsì náà wá máa ń sọ èyí. Orí tábìlì ni tiwa wà, wọ́n gbé ife tíì lé e.

Ọmọbìnrin náà ti ki ríbọ́ọ̀nù lẹ́ńsì (wáyà pẹlẹbẹ tó ń jáde lára rẹ̀) mọ́ bọ́ọ̀dù kó tó gbé sọ́dárìn, ètò yẹn sì ṣe pàtàkì: tí ríbọ́ọ̀nù bá ti wọlé, bọ́ọ̀dù á máa dáàbò bo lẹ́ńsì lẹ́yìn tí lẹ́ẹ̀dì bá kúrò. Ó fi bàbà híhun tó ń fa lẹ́ẹ̀dì lé e, ó fi ẹnu sọ́dárìn kàn án, ó gbé e kúrò kíá kó má baà gbóná wọnú. Ojú bàbà méjèèjì yà. Ó fi ìka tẹ bọ́tìnnì ìdérí, ó tan ẹ̀rọ, ó ní kí n wo ìmọ́lẹ̀ pupa láti ẹ̀gbẹ́, kí n má wò ó lójú kòrókòró. Ó tàn. Ó fi DVD sí i, díìsì yí, géèmù wọlé.

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni inú bí mi gan-an. Mélòó nínú àwọn tó ti san ₦12,000 ẹlẹ́ẹ̀kejì ni lẹ́ńsì wọn wà láàyè? Àáfà wọlé padà, ó rí géèmù lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé ó máa ṣiṣẹ́.”

N ò dá a lóhùn, torí iṣẹ́ tí ọmọbìnrin yẹn ń ṣe lọ ti gbà mí lọ́kàn. Ó ní òun ò lè dé ẹ̀rọ yẹn láìṣe ti ríbọ́ọ̀nù. Òótọ́ ló sọ. Ríbọ́ọ̀nù lẹ́ńsì 70000 máa ń wú sókè bí inú ẹ̀rọ bá gbóná, á wá máa ha abẹ́ díìsì títí yóò fi fa òrùka yípo sí i. Díìsì tó bá ti ní òrùka bẹ́ẹ̀ ti di ti ilẹ̀. Ó ti lẹ́ńsì lọ sí ìpẹ̀kun ìta, ó tẹ́ ríbọ́ọ̀nù sílẹ̀ dáadáa, ó fi téèpù tí kì í yọ́ nínú ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn, níbi tí kì í ti í rìn. Ó wá fọwọ́ sún lẹ́ńsì lọ sókè sódò láti rí i pé téèpù ò dì í mú. Ó nu gírísì dúdú tó ti gbẹ kúrò lórí irin méjì tí lẹ́ńsì ń gbà rìn, ó fi gírísì funfun díẹ̀ sí i. Kò pọ̀. Ẹni tó bá fi gírísì ọkọ̀ sí i ń pe eruku wá jẹun ni.

Mo bi í léèrè báwo ni èèyàn ṣe máa mọ lẹ́ńsì tuntun tó kú lóòótọ́. Ó fi mítà kan kọ́ìlì tó ń gbé lẹ́ńsì sókè sódò, ó ní ọ́ọ̀mù díẹ̀ ló yẹ kó fihàn; tí mítà ò bá sọ nǹkan kan, kọ́ìlì ti jó. Tó bá sì jẹ́ pé ṣe lẹ́ńsì tuntun fò sókè, ó gbóná, ó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣíìpù tó ń darí mọ́tò lórí bọ́ọ̀dù ló ń pa á. Àìsàn yẹn wọ́pọ̀ lára 70000. Lẹ́ńsì mẹ́wàá ni ẹ ó rà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa jó, àfi tí ẹ bá tún bọ́ọ̀dù ṣe. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló sọ èyí o. Ọ̀gá ń ka owó.

Ọ̀nà míì tí wọ́n fi lọ̀ mí ni mẹ́mórì káàdì tí Free McBoot wà lórí rẹ̀ (ètò kan tó ń jẹ́ kí PS2 ṣí ètò tí kì í ṣe ti Sony), kí ẹ̀rọ máa ka géèmù láti inú fláàṣì láìlo lẹ́ńsì mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lára 70004, kò sì jẹ́ ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ìdajì yòókù. Ihò USB PS2 jẹ́ 1.1, ó lọ́ra, fídíò inú géèmù á máa dúró lójijì. Tí fláàṣì náà bá jẹ́ FAT32, fáìlì tó bá tó 4GB, ẹ gbọ́dọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ bá fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà yára jù ú lọ. Kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí àwọn SCPH-90000 tó jáde gbẹ̀yìn, ẹni tó bá sì ní irú rẹ̀, kó má ra káàdì yẹn kó tó béèrè dáadáa.

Tó bá ṣe pé Àáfà nìkan ló wà níbẹ̀, kí ẹ má débẹ̀ rárá. Wọ́n fẹ́ gba lẹ́ńsì àtijọ́ mi dání, bẹ́ẹ̀ ojú CD rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo gbà á padà. Wọn ò fún mi ní ìwé kankan. Wọn ò bẹ̀ mí. Tí ẹ bá lọ, ẹ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ dé, ìgbà yẹn ni èrò máa ń dín kù, kí ẹ sì sọ pé ọmọbìnrin ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ni kó fọwọ́ kàn án.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ti síkúrúù ni mo fi yọ ẹyọ kan: ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ sọnù lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ti fóònù kan tó kúrú dí i, kò sì di nǹkan kan mú.